Eugene Fama: Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Faransé Tó Di Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìṣúná Owó

Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Eugene Fama ní ọdún 1939. Èdè Faransé ló kọ́kọ́ lọ kọ́ ní Yunifásítì Tufts. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó gba kọ́ọ̀sì kan nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i.

Ní Tufts yìí kan náà, ó ń bá olùkọ́ rẹ̀ kan ṣiṣẹ́. Olùkọ́ náà ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa ọjà ìpín ìdókòwò, iṣẹ́ Fama sì ni láti wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi mọ ìgbà tí owó ìpín yóò lọ sókè. Ọgbọ́n tó ń wá ń bá àkọsílẹ̀ àtijọ́ mu régí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ máa ń ya apá kan àkọsílẹ̀ sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá fi ìyẹn dán ọgbọ́n náà wò, kì í ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdánwò tiwa ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó há ìdáhùn ìbéèrè ọdún márùn-ún sẹ́yìn sórí yóò gbà á tán tí a bá tún bi í ní ohun kan náà. Ìbéèrè tí kò rí rí ni yóò fi hàn bóyá ó mọ iṣẹ́.

Fama gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1964, ibẹ̀ náà ló sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwádìí rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1965, fi hàn pé ìrìn owó ìpín lánàá kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ibi tí yóò gbà lọ́la. Ní 1970, ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀: níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá ìròyìn kiri, kí ìwọ tó gbọ́, iye owó ọjà ti gbọ́. Ó kọ ìwé *Foundations of Finance* fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1976.

Ní 2013, òun, Lars Peter Hansen àti Robert Shiller jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Èrò Shiller yàtọ̀ sí tirẹ̀: ó ní ìtara àti ìbẹ̀rù èèyàn lè ti iye owó kọjá ibi tó yẹ, ó sì ṣeé ṣe láti róye ọjà láàrin ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n ti ọ̀la àti ọ̀túnla ṣòro láti mọ̀. Àwọn àgbà wa náà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fi àwòrán èrè oṣù tó kọjá hàn ọ́ lórí WhatsApp, tó ní kí o mú owó iléèwé rẹ wá, bi í pé: èwo lo sọ kó tó ṣẹlẹ̀? Mélòó ni kò ṣẹ? Bí kò bá rí èsì fọ̀, lọ san owó iléèwé rẹ.