Sìmẹ́ńtì Titun fún Gbòǹgbò Eyín

Eyín tí ó ti ń dunni tẹ́lẹ̀ tí ó wá dákẹ́ lójijì kì í ṣe eyín tí ó ti sàn. Bí ìrora tí kò jẹ́ kí ènìyàn sùn bá lọ lọ́jọ́ kan, inú ẹlẹ́yín a dùn, a ní oògùn tí òun fi sínú ihò eyín ni ó ṣiṣẹ́. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹran rírọ̀ inú eyín, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tí ń gbé ìrora wà, ti kú. Òkú kì í sì í sọ pé nǹkan ń dun òun. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àrùn tí ó pa á kò kú ní tiwọn. Wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pọ̀ sí i, wọn a sì gba ìsàlẹ̀ gbòǹgbò eyín jáde sínú egungun àgbọ̀n. Bí ó pẹ́ bí ó yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a wú, ọyún a dé. Bí wíwú náà bá sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n lọ sí ọ̀fun, tí ẹnu kò ṣeé là dáadáa, tí itọ́ sì ṣòro láti gbé mì, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ọ̀la: ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe lóru, nítorí ó lè dí ọ̀nà èémí, kí ó sì pa ènìyàn.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń tọ́jú irú eyín bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni kí a yọ ọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Èkejì ni kí oníṣègùn eyín fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ kí ó sì dí i, kí eyín náà lè dúró sí àyè rẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ tí í mú kí ojú ibẹ̀ kú, wọn a ta rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí eyín náà ká kí itọ́ má baà wọ inú rẹ̀, wọn a sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha inú gbòǹgbò náà dé ìsàlẹ̀. Eyín iwájú sábà máa ń ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Eyín ńlá ti òkè tí a fi ń lọ oúnjẹ lè ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ nìyí tí iṣẹ́ eyín ẹ̀yìn fi ń pẹ́, tí owó rẹ̀ sì ń pọ̀. Omi oògùn tí wọ́n fi ń ṣan inú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí da ti ilé sẹ́nu o!

Nígbà tí inú gbòǹgbò bá mọ́ tán, a gbọ́dọ̀ dí i. Gutta-percha, oje igi kan láti ilẹ̀ Màléṣíà àti agbègbè rẹ̀, ni wọ́n ti ń kì bọ inú rẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n gutta-percha kì í lẹ̀ mọ́ ara eyín, nítorí náà ó ní láti ní ohun kan bí àtè tí yóò dí àlàfo tí ó kù. Láyé àtijọ́, òróró inú kànáfùrù tí a pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú zinc oxide ni. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, wọ́n mú irú kan tí a fi epoxy ṣe jáde ní Switzerland, irú èyí tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ṣì ń lò títí di òní.

Èyí titun ni wọ́n ń pè ní bioceramic. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmoud Torabinejad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Loma Linda ní California, Amẹ́ríkà, ṣe oògùn kan tí wọ́n ń pè ní MTA. Ẹ ó yà lẹ́nu láti gbọ́ pé sìmẹ́ńtì Portland, irú èyí tí Joseph Aspdin gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1824, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n MTA máa ń rí bí iyanrìn tútù, kò rọrùn láti tì í wọ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ wà ní Vancouver ní Kánádà, wá pò ó kúnná, wọ́n sì rọ ọ́ sínú síríńjì.

Ẹ wo bí bírikìlà ṣe ń wọ́n omi sí ibi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, kí sìmẹ́ńtì náà lè le. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èyí ṣe ń ṣe: ọ̀rinrin tí kì í tán nínú ara eyín ni ó ń fà mu títí yóò fi gan. Àwọn àtè ti tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ràn omi. Òun ń wá omi. Kì í sún kì, agbára tí ó ní bí ti eérú a máa yọ àwọn kòkòrò lẹ́nu nígbà tí kò tíì gan, bí ìwọ̀nba rẹ̀ bá sì yọ kọjá gbòǹgbò, ara a máa gbà á láìbínú púpọ̀. Sìmẹ́ńtì inú àpò kọ́ ni o. Ti eyín ni a ti yọ́ mọ́, a sì fi èròjà tí ó ń mú un hàn nínú àwòrán x-ray sí i.

Ní tèmi, mo rò pé ó dára, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí iṣẹ́ ìyanu. Àwọn ìwádìí tí a fi wé ti epoxy kò fi hàn pé ó ta á yọ púpọ̀ ní mímú eyín sàn. Ó wọ́n jù, bí ó bá sì ti gan tán, ó ṣòro fún oníṣègùn mìíràn láti hú u jáde bí ó bá di dandan kí a tún eyín náà ṣe. Ẹni tí ó bá rẹ́ sìmẹ́ńtì mọ́ ògiri tí ikán wà nínú rẹ̀ kò lé ikán náà lọ. Fífọ̀ ni iṣẹ́ náà. Dídí ń tẹ̀lé e.

Kí ẹ tó gbà láti ṣe é, ẹ bi oníṣègùn yín pé: ṣé ẹ ó ta rọ́bà yí eyín náà ká? Ṣé ẹ ó ya x-ray ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀? Èló ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìbòrí tí a ó fi dé e? Ìbòrí yìí ṣe pàtàkì gidigidi fún eyín ẹ̀yìn, nítorí eyín tí a ti ha inú rẹ̀ kò lágbára mọ́, ó sì rọrùn láti là nígbà tí a bá ń jẹ ẹran. Ọ̀pọ̀ ni ìrora bá ti tán tí kì í padà lọ. Kì í ṣe gbogbo eyín ni a lè gbà là, pàápàá èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti là sí méjì.

Ìrora díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ náà kò léwu, ṣùgbọ́n bí ibà bá dé tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń wú sí i, ẹ padà kíákíá. Kí ẹ sì ní kí oníṣègùn kọ orúkọ ohun tí ó fi dí gbòǹgbò náà sínú ìwé fún yín, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán x-ray, kí ẹni tí yóò bá tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú lè mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀.