Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ó Sọ, Ẹ Dáhùn

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Ọba Akran, ní Ògbà àti ní Agége, n kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tàbí bí wọ́n ṣe ń pọ̀n ọ́n. Ẹ mọ ìyẹn jù mí lọ. Ohun tó máa ń rú kíláàsì lójú ni mo fẹ́ sọ: ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ pe ọmọ oṣù 9 lórúkọ, á bojú wẹ̀yìn. Ẹ ní, "Bàbá ẹ dà?" Á wo ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ yín.

Màmá kan sọ fún mi pé, "Àǹtí, fóònù ń kọ́ tèmi. Tí mo bá ti gbé e fún un, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu." Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó dákẹ́ kọ́ ni ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Fóònù ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n fóònù kì í dáhùn. Ọmọ ní "ba-ba-ba", fóònù ń bá orin tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ni ẹ máa sọ pé, "Bàbá lò ń pè? Bàbá ti lọ síbi iṣẹ́." Á tún ní "ba-ba". Ẹ tún dá a lóhùn. Ó sọ, ẹ dáhùn. Ó tún sọ, ẹ tún dáhùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ ọmọ lára. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá.

Mo mọ̀ pé ó ti máa ń rẹ yín kí ẹ tó dé láti ṣíìfù alẹ́. Ẹ ò nílò àsìkò ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà, ẹ gbé ọmọ jókòó sí tòsí: "Ẹ̀wà rè é. Òkúta rè é, mo ti jù ú nù." Tó bá jí láàárọ̀, ẹ fi oríkì rẹ̀ kì í: Àjàní, Àdùkẹ́. Ẹ̀yin bàbá náà, iṣẹ́ yín ni. Èdè Yorùbá tí ẹ gbọ́ dáadáa ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀.

Ní ti ìrìn, ẹ má fi ọmọ yín wé ti ará ilé. Òmíràn á rìn ní oṣù 9, òmíràn á kọjá oṣù 15, kò sóhun tó ṣe wọ́n.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń pe ọmọ láti ẹ̀yìn, tí kì í yíjú, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Èèyi lè ba etí ọmọ jẹ́. Oṣù 9 ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi àkọ́kọ́, oṣù 15 ni wọ́n ń gba èkejì. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ wo káàdì àjẹsára ọmọ yín lálẹ́ òní.