Inú Rírun Lásìkò Nǹkan Oṣù àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Arábìnrin Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí kì í ṣe ohun ìtìjú. Ọlọ́hun Ọba sọ̀rọ̀ nípa nǹkan oṣù nínú Súratul-Baqarah, áàyà 222, Ó sì pè é ní ìnira. Nígbà tí ó dé bá ìyá wa Áíṣà lójú ọ̀nà hájì, níbi tí wọ́n ń pè ní Sarif, ẹkún ló ń sun. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) béèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún, ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tí Ọlọ́hun kọ mọ́ àwọn ọmọbìnrin Ádámọ̀ ni.

Kí ni a ń rí nílé ẹ̀kọ́? Ẹ̀kọ́ aago mẹ́jọ ti bẹ̀rẹ̀, arábìnrin kan ká kò sórí bẹ́ẹ̀dì. Òmíràn lọ sí gbọ̀ngán ìdánwò WAEC, ó gbórí lé tábìlì títí àkókò fi lọ. Bí olùkọ́ bá bi í, á ní ibà ni. Ẹni tó bá ń pàdánù ọjọ́ 2 lóṣooṣù, nínú sáà olóṣù 3, ọjọ́ 6 ti lọ. Síbẹ̀, a ń gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní ọ̀lẹ.

Ohun tó ń fà á rèé. Bí nǹkan oṣù bá fẹ́ dé, ilé ọmọ a tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní prostaglandin. Èyí ló ń mú kí ilé ọmọ máa fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Bí èròjà náà bá pọ̀ jù, inú a máa run ẹni gan-an, èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru sì lè tẹ̀ lé e, fún ọjọ́ 1 sí 3. Kì í ṣe ṣúgà ló fà á, kì í sì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀.

Oògùn Ibuprofen máa ń dín èròjà yìí kù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á lò ó ní kété tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run, lẹ́yìn oúnjẹ, bí àwọn apoògùn bá ṣe ní kí á lò ó. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée tàbí àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà. Omi gbígbóná nínú ìgò tí a fi aṣọ wé, tí a gbé lé abẹ́ ìdodo, máa ń ṣèrànwọ́ púpọ̀. Àwọn ìyá wa máa ń sọ pé yóò lọ bí o bá bímọ. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ọmọ SS2 kò lè dúró de ìgbà yẹn!

Nínú Rámádánì, ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù kò gbààwẹ̀; yóò san án padà ni. Àmọ́ nítorí ojú àwọn arákùnrin, ọ̀pọ̀ kì í jẹun, wọ́n á lo oògùn lórí inú òfìfo. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ má ṣe bi arábìnrin léèrè ìdí tí kò fi kírun tàbí tí ó fi ń jẹun.

Bí ìrora bá ń le sí i lọ́dọọdún, tí oògùn kò ràn án, tàbí tí inú ń run láìsí nǹkan oṣù, ẹ lọ rí dókítà. Ó lè jẹ́ endometriosis, àìsàn tó ń bá nǹkan bí obìnrin 1 nínú 10 tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ jà. Kí arábìnrin kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí àti oògùn tó lò sínú ìwé fún oṣù méjì mẹ́ta, kí ó mú un dání lọ.