Ayọ̀délé Awójọbí: Onímọ̀ tí Ó Sọ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ di Iwájú

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Ìgbẹ́sà, ìlú mi, bí tírélà tí ó kó ẹrù iléeṣẹ́ bá fẹ́ fà sẹ́yìn, mọ́tò-bọ́ì a bọ́ sílẹ̀, a máa ké pe awakọ̀ pé, "Máa bọ̀! Máa bọ̀! Dúró!" Ìdí ni pé iwájú ni wọ́n ṣe ọkọ̀ fún. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọmọ Yorùbá kan ti wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí rí.

Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí. Òṣòdì ni a bí i sí ní ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ọdún 1937. Ará Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ó gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ipò kìn-ín-ní ní Zaria ní 1962, ó di ọ̀mọ̀wé ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1966, ó sì padà wá ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó.

Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, Nàìjíríà yí ìwakọ̀ padà láti apá òsì ojú ọ̀nà sí apá ọ̀tún. Síárìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wá di èyí tí kò sí níbi tí ó yẹ. Awójọbí yọ síárìn Opel tirẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún, ó gbé e sí òsì.

Lẹ́yìn náà ni ó ṣe Autonov 1. Jíípù irú èyí tí ológun ń lò ni ó mú, ó fi síárìn kejì sí i tí ó kọjú sẹ́yìn. Jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọkọ̀ náà fi ń sáré síwájú ni ó lè fi sáré sẹ́yìn pẹ̀lú, láìjẹ́ pé ó yí padà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí pé kò dúró de ẹ́ńjìnnì tuntun. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ó tún wò. Ó ṣe ni láàánú pé ó kú ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1984, ní ẹni ọdún 47.

Èdè Yorùbá ni àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì ní Ìgbẹ́sà fi ń gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu ọ̀gá wọn. Bí iṣẹ́ Awójọbí kò bá sí ní èdè yìí, báwo ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn? Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni kíkọ rẹ̀ já lé léjìká. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀.