Omi Kì í Béèrè Ọmọ Ta Ni

Ìyàwó Ìlàjẹ, n'Ìbàdàn,

Àbúrò mi, lẹ́tà rẹ gùn tó ojú ìwé mẹ́rin. O béèrè oúnjẹ tí o máa dì dání, o béèrè oògùn ẹ̀fọn, o béèrè bóyá ìyá ọkọ rẹ á bínú bí o bá gbé gáàsì kékeré wá síléédáná rẹ̀. A máa débẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà lójú ìwé kejì tí kò jẹ́ kí n fọkàn ka ìyókù. O ní nígbà tí o sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé o fẹ́ ra láìfù-jákẹ́ẹ̀tì fún wọn kí ẹ tó lọ lo họlidé ní Ayétòrò, ẹ̀rín ló rín. Ó ní: "Owó ṣòfò ni. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n. Omi mọ̀ wọ́n."

Omi mọ̀ wọ́n! Níbo ni wọ́n ti pàdé? Ṣé àwọn ọmọ tí o ní Bódìjà ni o bí wọn sí, tí omi tó jìn jù tí wọ́n rí rí kò ju ti inú báàfù lọ? Ṣé èyí ọlọ́dún mẹ́ta, tó ń ké tantan bí ọṣẹ bá kàn án lójú, ni òkun Ayétòrò mọ̀? Ta ló mú un lọ kí i?

Ìlàjẹ kì í bí ọmọ tó mọ odò wẹ̀. Ibi tí Ìlàjẹ ń bí ọmọ sí ni kì í fún ọmọ láyè àtimá mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé onípákó, tí omi ń ṣàn lábẹ́ ẹní rẹ̀, tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ síléèwé, ojoojúmọ́ ni omi ń kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò ní in, ì báà jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n kọ sára ọkọ̀.

Àwọn tó mọ omi gan-an ló sì ń bẹ̀rù rẹ̀ jù. Ní ọjọ́ kan tó ti pẹ́, mo wọ ọkọ̀ ní Igbókọ̀dá. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ bá wa wọ̀ ọ́, ará ìgboro ni wọ́n, ìmúra wọn fi hàn. Jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà ni wọ́n gbé kọ́ ọmọ náà lọ́rùn, ọmọ tí kò lè ju ọdún mẹ́rin lọ. Ìyá rẹ̀ ń fi fóònù ya àwọn ilé etí omi. Ni ọkọ̀ ayára kan bá sáré kọjá, ìgbì rẹ̀ gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ fì, ọmọ sì yọ̀ bọ́rọ́ láti abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì bí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìyá àgbà kan tó jókòó ti agbọ̀n ẹja gbígbẹ rẹ̀ ló na ọwọ́ kan gán ṣòkòtò ọmọ náà. Kò pariwo. Ó gbé e lé itan, ó fi ìró so ó mọ́ra, lẹ́yìn náà ló tó wò wá yíká: "Ọmọ ta ni?" Ìyá ọmọ kò rí ẹnu dáhùn. Èbúté kan náà lèmi àti ìyá àgbà yìí sọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, wà lórí pákó níwájú ilé. Okùn wà nídìí rẹ̀, wọ́n so ìdí okùn mọ́ òpó. Ìlàjẹ pọ́ńbélé lọmọ yẹn o. Kò sẹ́ni tó sọ níbẹ̀ pé omi mọ̀ ọ́n.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi káàkiri ayé ní 2021, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Wò ó dáadáa, àbíkẹ́yìn rẹ wà lára àwọn tí mo ń wí. Ọmọ tó ń rì kì í kígbe bíi ti inú fíìmù. Ẹnu tó wà lábẹ́ omi, kí ló fẹ́ fi pè ọ́?

Nítorí náà, ra á. N'Ìbàdàn ni kó o ti rà á, torí ti àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń há fún èrò. Gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n kó o tó lọ sọ́jà. Iye kílò ni wọ́n fi ń yan jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé. Ti èyí ọlọ́dún mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba àárín itan kọjá. Bó bá wọ̀ ọ́ tán, di ibi èjìká rẹ̀ mú, fà á sókè. Bí jákẹ́ẹ̀tì bá gun etí ọmọ, ó tóbi jù, dá a padà fún ọlọ́jà. Róbà aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń kì bọ ọmọ lápá, ohun ìṣeré ni.

Dájí kúrò nílé, gba Ìjẹ̀bú-Òde, Orè, Òkìtìpupa wọ Igbókọ̀dá, níbi tí ẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú. NIWA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi, ti ka ìrìn òru léèwọ̀, ó sì ti ní kí gbogbo èrò máa wọ jákẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń pa òfin náà mọ́ ni kò tó nǹkan. Bí ọkọ̀ bá kún jù, kó àwọn ọmọ rẹ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n á bú ọ. Jẹ́ kí wọ́n bú ọ.

Èyí ọlọ́dún mẹ́fà tó ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò fi kọ́ ilé iyanrìn, tètè là á lóye. Ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù létí òkun Ayétòrò yẹn. Apá Aràròmí lẹ ti máa rí iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù Kẹjọ tí ẹ ń lọ yìí kì í ṣe ìgbà tí ọmọdé ń wọ òkun, ìgbì rẹ̀ máa ń le. Inú odò ẹ̀yìn ilé, níbi tí omi ti rọ̀, ni kí àwọn ẹbí wọn ti kọ́ wọn ní wíwẹ̀, kí àgbàlagbà kan wà nínú omi pẹ̀lú wọn níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó wọn. Ìyá ọkọ rẹ ti dàgbà, má fi ìṣọ́ ọmọ mẹ́ta lé e lọ́wọ́.

Oúnjẹ kò le. Fi gáàsì sílẹ̀ sílé. Pupuru àti ọbẹ̀ ẹja ni kí wọ́n jẹ. Omi mímu ni kó o gbé lọ́pọ̀lọpọ̀, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Ó ku ọkọ rẹ. O ní kò ní bá yín lọ, pé iṣẹ́ ni kò gbà á láyè láti ọdún mọ́kànlá. Irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Ọkùnrin tó ń fi Ìlàjẹ yangàn ní pálọ̀ Ìbàdàn, tó wá fẹ́ rán aya àti ọmọ lọ sójú omi láìsí jákẹ́ẹ̀tì! Mo ti fẹ́ lo gègé mi dáadáa lé e lórí ni mo ka ìlà tí o kọ wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé kẹrin: pé òkun ti gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ, àti ibi tí wọ́n sin bàbá náà sí.

Àbúrò mi, ìlà yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ní oṣù Kìíní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó. Àpò kan náà ni wọ́n ń kó owó sí nígbà náà, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń tan àtùpà. Òkun ti kó púpọ̀ níbẹ̀ báyìí, ilé, òpópónà, ibojì. Láti bí ogún ọdún ni wọ́n ti ń ṣèlérí ìdènà òkun. Ilé ń lọ, ìlérí ń bọ̀.

Má ka ìbínú mi òkè yẹn sí i létí. Bóyá kì í ṣe pé omi mọ àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ fojú kan omi yẹn mọ́. Dúró kó jẹun tán lálẹ́, kó o bẹ̀ ẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ni, kó wá nawọ́ sí ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ, torí ìwọ kò mọ̀ ọ́n. Bó bá dákẹ́, má fi ipá mú un.

Ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni kó o rà.