Ẹ̀jẹ̀ Sínú, Itọ́ Funfun

Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú kí á tó tu itọ́ funfun jáde. Àwọn àgbà máa ń fi òwe yìí yin ẹni tó mọ nǹkan mọ́ra, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ tí kò jẹ́ kó hàn lójú. Láàrin tọkọtaya àti láàrin ará àdúgbò, ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìwà yìí ti ń pa ènìyàn, ibẹ̀ náà ni iwájú nọ́ọ̀sì tó ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó fa ẹ̀jẹ̀ lára wa. Á béèrè bóyá ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ti ṣe wá rí, bóyá a ti gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, bóyá ẹni tí à ń bá sùn ju ẹyọ kan lọ, àti ìgbà tí a fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tí kò retí kọ́bọ̀ kò ní ìdí tí yóò fi purọ́. Ẹni tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ so mọ́ ìdáhùn náà ni yóò fi ẹ̀jẹ̀ sínú, tí yóò sì tu itọ́ funfun jáde pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ará Tchaourou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti Tchatchou dé Bétérou, láti Alafiarou dé Kika, pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ọ̀nà owó, kódà bí wọ́n bá sọ fún un pé omi inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ rà.

Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀jẹ̀ yìí, òkèèrè ló ti wá. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà ń rí ilé tí wọ́n ti ń rà á, owó ibẹ̀ sì ń lọ sí ogójì tàbí àádọ́ta dọ́là lẹ́ẹ̀kan. Irọ́ kọ́. Omi yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní plasma, ni nǹkan bí 55 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọ̀ ìyeyè ló ní, omi lásán sì ni ó lé ní 90 nínú 100 rẹ̀. Díẹ̀ tó kù ni ọrọ̀ ibẹ̀: ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́, àti ọmọ-ogun ara tó ń bá àrùn jà. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbà á. Á fa ẹ̀jẹ̀, á ya omi sọ́tọ̀, á sì dá èyí tó pupa padà sí ara ẹni tó ni ín. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ pupa padà sílé, ara tètè ń rọ́pò omi náà láàrin ọjọ́ kan sí méjì, òfin Amẹ́ríkà sì gbà kí ènìyàn ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Jámánì, Austria, Hungary àti Czech náà ń sanwó, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù lágbàáyé. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni à ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Agence nationale pour la transfusion sanguine, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó ń sọ omi ẹ̀jẹ̀ di oògùn ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí ẹnì kan bá wá bá yín ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Parakou pé òun yóò ra omi ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ bi í pé ẹ̀rọ òun dà. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, odindi ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ já mi nírọ́ yóò ní bí Amẹ́ríkà tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ bá ń sanwó, kí ló burú níbẹ̀? Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sì tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Amẹ́ríkà kò fi ojú kan náà wo omi ẹ̀jẹ̀ àti odindi ẹ̀jẹ̀. Láti ọdún 1978 ni ìjọba wọn ti pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá ẹni tó gba owó ló fi í sílẹ̀ tàbí ẹni tó fi í tọrẹ. Àwọn ọsibítù kò fẹ́ ọ̀rá tí wọ́n kọ owó sí lára mọ́, nítorí wọ́n ti rí i pé àrùn mẹ́dọ̀wú ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń tà á ju ti àwọn tó ń fi í tọrẹ lọ. Richard Titmuss, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ odindi ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1970. Títí di òní, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní Amẹ́ríkà, ọ̀rẹ ni. Omi ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń rà, nítorí òun kì í gba ọwọ́ olùtà lọ tààrà sí ara aláìsàn. Ilé iṣẹ́ ló ń lọ. Wọ́n á tì í mọ́lé fún àkókò kan, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi ooru àti kẹ́míkà pa kòkòrò inú rẹ̀. Oṣù púpọ̀ ló ń gbà kó tó di oògùn. Pẹ̀lú gbogbo agbára wọn náà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru pa kòkòrò yìí láàrin àwọn ọdún 1980, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì ló kó kòkòrò HIV láti inú oògùn tí wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ẹ wá wo tiwa. Láàrin apá ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ àti apá ọmọ tí ibà ti gbẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àyẹ̀wò àti fíríìjì nìkan ló wà. Àyẹ̀wò náà ń wá HIV, mẹ́dọ̀wú B àti C, àti rẹ́kórẹ́kó. Ó dára, ṣùgbọ́n bí àrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè kọjá kí àyẹ̀wò tó rí i. Láàrin ọjọ́ wọ̀nyẹn, òtítọ́ ẹnu ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni ààbò tó kù. Òun gan-an sì ni owó ń rà mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà láàrin àwọn àgbẹ̀ bíi tiwa. Ní ìpínlẹ̀ Henan ní Ṣáínà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣí ibùdó káàkiri àwọn abúlé tálákà láti ra omi ẹ̀jẹ̀. Inú àwọn ènìyàn dùn. Wọ́n fi owó rẹ̀ kọ́lé, wọ́n fi san owó ilé ẹ̀kọ́. Láti dín ìnáwó kù, àwọn kan ń da ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀, wọ́n á yọ omi rẹ̀, wọ́n á sì dá èyí tó pupa padà sí ara wọn. HIV ẹnì kan di ti gbogbo wọn. Àwọn abúlé bíi Wenlou kún fún aláìsàn, dókítà obìnrin tó tú àṣírí náà síta, Gao Yaojie, sì jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kí ó tó sá lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tó kú sí ní ọdún 2023. Ṣáájú ìyẹn, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Hemo-Caribbean ti ń ra omi ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tálákà ìlú Port-au-Prince ní Haiti ní ọdún 1971, tó ń kó o lọ sí Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó tì í pa ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Irú òwò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìpàdé àjọ ìlera àgbáyé ní ọdún 1975 rọ gbogbo ìjọba pé kí wọ́n gbé ètò ẹ̀jẹ̀ wọn ka ọ̀rẹ tí kò gba owó. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ará Henan kì í ṣe òmùgọ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Òwe ebi yẹn náà ni wọn yóò fi dá mi lóhùn: ara mi ni, tálákà ni mí, kí ló kan ẹlòmíràn? Mi ò kóyán ọ̀rọ̀ yìí kéré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Odindi ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi 450 mílílítà lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, obìnrin oṣù mẹ́rin. Ká ní ẹnì kan tilẹ̀ ń fún un ní 10,000 sefa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó wọ ọwọ́ ọkùnrin láàrin ọdún kan jẹ́ 40,000. Àpò kajú díẹ̀ ń mú iye yẹn wá ní àsìkò kan ṣoṣo. Láti sọ ọ́ di owó tó tó jẹun, àfi kó máa tà á lóṣooṣù, kó máa yí orúkọ padà láti ọsibítù kan sí èkejì. Irin tó lé ní 200 mílígíráàmù ló ń bá ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ, oúnjẹ wa sì ń gba oṣù púpọ̀ kó tó dá a padà. Ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára kò lè kọ ebè, kò sì lè gun zém, ọ̀kadà akérò, láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó gbà lápá ọ̀tún, apá òsì ti san án. Ẹni tó sì ń ta tirẹ̀ ní òdìkejì bodè kí ó rántí pé òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní ìsọ̀rí 53, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láti gba èrè lórí rẹ̀, yàtọ̀ sí owó tó ná lọ ná bọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan lè tẹ̀ lé e.

Àtakò tó dùn mí jù lọ ni ti àwọn tó ní, “Ọ̀fẹ́ ni a fún wọn, wọ́n wá ń tà á fún aláìsàn.” Lóòótọ́, ìdílé máa ń sanwó. Ọ̀rá, abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò mẹ́rin, iná fíríìjì àti owó oṣù òṣìṣẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Síbẹ̀ mo gbà pé àwọn ọsibítù ló yẹ kó kọ iye náà sára ògiri, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, ní Bààtọ̀nú àti ní Fúlàní. Níbi tí àlàyé kò bá sí, ìfura á wọlé, àwọn tó ń sọ pé wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣètùtù á sì rí ẹni gbọ́ tiwọn.

Àwọn ọmọ wa lókè òkun ńkọ́? N kò ní dá wọn lẹ́bi, níwọ̀n ìgbà tí òfin ibẹ̀ ti gbà á. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé ohun tí Amẹ́ríkà gbà láyè, tó lè pé 104 lọ́dún, Jámánì fi í sí 60, wọn kò sì san kọ́bọ̀ fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Owó orí wà lórí owó náà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó sì fi físà àbẹ̀wò lọ kí ó ṣọ́ra: ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn aṣọ́bodè wọn sọ pé iṣẹ́ ni, pé físà yẹn kò gbà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ará Mẹ́síkò padà kí adájọ́ kan tó dá wọn dúró ní ọdún 2022.

Ó ku àtakò kan, òun ló sì wúwo jù: ẹ̀jẹ̀ tí à ń fi tọrẹ kò tó. Òótọ́ ni. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń rí gbà lọ́dún lé ní 31. Ní àwọn tálákà, márùn-ún ni. Àìtó yìí ló ń lé ìdílé jáde lóru láti wá ẹni tí wọn yóò sanwó fún. Nítorí náà, kò tó kí á ní ẹ má tà á. Ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí aboyún tó máa sun ẹ̀jẹ̀. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ohun tí mo rò ni pé kí á ṣe é bí a ṣe ń dá àjọ. Kò sí ẹgbẹ́ obìnrin, ẹgbẹ́ oní-zém tàbí ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ tí kò mọ bí àjọ ṣe ń yí. Ẹ̀jẹ̀ pupa kì í pẹ́ nínú fíríìjì ju ọjọ́ 35 sí 42 lọ, nítorí náà ayẹyẹ ńlá ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, tí wọ́n fi ń bu ọlá fún àwọn olùfẹ̀jẹ̀tọrẹ, kò lè gbé wa dé oṣù kẹjọ. Kí ẹgbẹ́ pín ara rẹ̀ sí mẹ́rin, kí ìpín kọ̀ọ̀kan lọ ní oṣù tirẹ̀. Ní àkókò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ sí, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ti tú ká, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀, ibà sì ń gbé àwọn ọmọdé dé ilé ìwòsàn Saint-Martin ní Papané. Kí owó ẹgbẹ́ san owó zém àti oúnjẹ fún ẹni tó lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹni tó ń lọ ti pé ọdún 18, kó wúwo tó kílò 50, kó ti jẹun, kó sì mu omi dáadáa. Aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kì í lọ. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ní HIV kí ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀ ní tààrà. Kó má fi ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ dán ara rẹ̀ wò. Bí ìbéèrè nọ́ọ̀sì bá tì yín lójú, ẹ sọ pé ẹ kò ní lè fi sílẹ̀ lónìí, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún ẹgbẹ́. Kí olórí ẹgbẹ́ má sì bi yín. Ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, oṣù kẹwàá ni yóò tún kàn án, ìgbà tí ibà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí iṣu tuntun sì ti wà nílé láti jẹ kó tó jáde.