Ẹ Má Gbin Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Lẹ́nu Ọyẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, bí àgbagbà bá ti gbówó lórí lọ́jà, ẹ má sáré ra ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóṣù Kẹwàá kẹ́ ẹ lọ rì í mọ́lẹ̀. Òjò àrọ̀kúrò ń tanni jẹ. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń mú ilẹ̀ dáadáa. Bí ọyẹ́ bá ká a mọ́bẹ̀, èyí tí kò bá kú nínú rẹ̀ yóò so èso tí kò ní tó nǹkan.

Àwọn kan á ní àwọn yóò máa bomi rin ín. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dàgbà ń fẹ́ omi tó tó òjò mílímítà 25 lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá gbìn ín ní mítà 3 sí mítà 2, bí iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA n'Ìbàdàn ṣe ń gbani nímọ̀ràn, lítà 150 nìyẹn fún ìdí kan ṣoṣo: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́fà. Ìdí 100 yóò gba kẹ́ẹ̀gì 600 lọ́sẹ̀. Ta ni yóò rù ú?

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ̀, oòrùn sì ń fa omi lára rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlẹ̀ lọ jìnnà; òkè ilẹ̀ ló pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ló sì ń kọ́kọ́ gbẹ.

Ẹ wá wo ti ẹ̀yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó ń dìídì bomi rin ín, síbẹ̀ ó ń so lọ́dọọdún. Omi ìwẹ̀, eérú, èèpo iṣu, gbogbo pàǹtí ilé ló ń lọ sídìí rẹ̀, oòrùn kò sì rí ilẹ̀ ibẹ̀ pa. Kí òjò tó dáwọ́ dúró, ẹ fi koríko gbígbẹ àti ewé bo ìdí tiyín tó ti wà lóko náà nípọn, kó má ṣáà kan ara igi. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn àgbà ní kò tó ohun à ń pọ́n àdá sí, omi ló kún inú rẹ̀: ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ mọ́ ọn. Ẹ dín ọmọ ìdí rẹ̀ kù, kó ku ẹyọ kan tí yóò rọ́pò ìyá. Bí omi díẹ̀ bá wà, èyí tó ń yọ òdòdó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún. Ṣùgbọ́n ẹ ro etí oko mọ́ o, torí koríko gbígbẹ yìí kan náà ni iná ìgbẹ́ ń wá kiri.

Ní Ògùn Waterside, ọ̀tọ̀ ni ewu. Ẹni tó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí àkùrọ̀ l'Ábìgì tàbí Ìwòpin, kó má rò pé ọ̀rọ̀ omi ti tán. Bí omi bá dúró sídìí rẹ̀ lásìkò òjò, gbòǹgbò á jẹrà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kò ní ohun tí yóò fi mumi. Ẹ la ojú omi, kẹ́ ẹ sì kọ ebè gíga.

Ẹni tó bá ti ra ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìn ín jọ sẹ́bàá balùwẹ̀, lábẹ́ òjìji, títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé.